Ọpẹ́ tó yẹ àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ ìsìnkú

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà bá wà ní òde ìnáwó tàbí tí wọ́n ń sinmi nílé, ẹnì kan máa ń wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú mọ́ṣáláṣí tàbí ní pápá iléèwé kan, tí yóò máa ka iye ọmọ tó dé. Yóò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ta okùn ní kókó, bí wọ́n ṣe ń di ọgbẹ́, bí wọ́n ṣe ń tò lẹ́sẹẹsẹ àti bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kò ní í kúrò níbẹ̀ títí ọmọ tó gbẹ̀yìn yóò fi rí ẹni mú un lọ sílé. Kò gba owó oṣù. Àwọn òbí míì kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. "Ọ̀gá Scout", "bọ̀dá Brigade" tàbí "àǹtí Girl Guides" ni wọ́n ń pè é.

Ọdún á gorí ọdún, irun orí á funfun. Lọ́jọ́ tó bá kú, àwọn tó tọ́ yóò wọ yunifọ́ọ̀mù, wọn yóò fun fèrè, wọn yóò sì yan tẹ̀lé pósí rẹ̀. Àwọn èèyàn yóò dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ bí ó ṣe yí ayé wọn padà. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ òótọ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún kò gbọ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, àwọn òbí àti ìjọba jọ gbé yẹ̀ wò nìyí. Dídúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń ṣe nígbà tó bá wù ú. Ara iṣẹ́ títọ́ ọmọ ni. Bí wọn kò bá sì ṣe é lójú ayé ẹni náà, ní ọ̀nà tó máa gbé díẹ̀ kúrò nínú ẹrù tó wà lórí rẹ̀, àwọn ọmọ gan-an ni yóò jìyà rẹ̀.

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọdún 1908 ni ẹgbẹ́ Boys' Brigade dé sí Nàìjíríà, ní ìjọ Holy Trinity ní Ẹ̀bùté Èrò nílùú Èkó, ọdún 25 lẹ́yìn tí William Alexander Smith dá a sílẹ̀ ní Glasgow, lórílẹ̀-èdè Scotland. Ẹgbẹ́ Scout, tí Robert Baden-Powell bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgọ́ kékeré kan ní erékùṣù Brownsea lọ́dún 1907, wọ Gold Coast, tó di Ghana lónìí, lọ́dún 1912, ó sì wọ Nàìjíríà lọ́dún 1915. Girl Guides tẹ̀lé e lọ́dún 1919.

Lónìí, ẹgbẹ́ Scout nìkan ní ọmọ ẹgbẹ́ tó ju mílíọ̀nù 50 lọ káàkiri àgbáyé. Láti Dakar dé Kútọnu, láti Àjàṣẹ́ dé Kánò, bákan náà ni ọ̀rọ̀ ṣe rí: àwọn ọmọ pọ̀, òṣìṣẹ́ tó ń gba owó kò tó nǹkan, àwọn àgbà tó ń yọ̀ǹda ara wọn ló sì gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lónìí, kò sí ẹgbẹ́ mọ́ lọ́la. Àsíá á kù, yunifọ́ọ̀mù á kù, ṣùgbọ́n kò ní í sí ẹni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn.

Ìgbà ìṣòro ni àǹfààní wọn máa ń hàn jù. Nígbà tí àrùn Ebola jà ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone láàárín ọdún 2014 sí 2016, tó sì pa èèyàn tó lé ní 11,000, àwọn ọ̀dọ́ Scout wà lára àwọn tó lọ láti àdúgbò dé àdúgbò láti kọ́ àwọn èèyàn nípa fífọ ọwọ́ àti bí wọ́n ṣe lè dáàbò bo ara wọn. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn kò ṣàdédé mọ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú èrò. Àgbà kan ló ti kọ́ wọn, ní ọ̀sán Sátidé kan tí kò sí kámẹ́rà kankan níbẹ̀.

Ta ló ń san owó rẹ̀?

"Ọ̀fẹ́ ni" ni àwọn èèyàn máa ń sọ nípa iṣẹ́ yìí. Ọ̀fẹ́ ni fún òbí. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń ṣe é. Òun ló ń wọ ọkọ̀ wá. Òun ló ń fi owó tirẹ̀ ra okùn, ìwé tí wọ́n fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ, omi inú ọ̀rá àti oògùn orí fífọ́. Bí ọmọ kan kò bá sì ní owó tí yóò fi lọ sí àgọ́, òun náà ló sábà máa ń wá a síbi kan.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó lítà kan fò láti nǹkan bíi náírà 190 sí ohun tó lé ní náírà 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì dúró síbẹ̀. Owó ọkọ̀ náà gun òkè. Àwọn òṣìṣẹ́ bèèrè fún àfikún owó oṣù. Àwọn ọlọ́jà fi owó lé ọjà wọn. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kò rí ẹni tó lè bèèrè àfikún lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní ọjà tí yóò fi owó lé. Ó ní láti yàn bóyá yóò máa wá tàbí yóò jókòó sílé.

Bí ó bá jókòó sílé, kò sí ìwé ìròyìn tó máa gbé e. Àwọn ọmọ bíi 20 tàbí 30 kàn máa wá lọ́sẹ̀ yẹn, wọn kò ní í bá ẹnikẹ́ni, wọ́n á padà sílé tàbí kí wọ́n gba ibòmíì lọ. Àwọn tó ń wá ọ̀dọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ láti lò fún jàgídíjàgan ìdìbò, ẹgbẹ́ òkùnkùn tàbí jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í gba ìsinmi. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìbéèrè tó kù ni pé: ta ló ń bójú tó àgbà tó dúró sí ọjà náà?

Wọ́n yin olówó, wọ́n gbàgbé òṣìṣẹ́

Kì í ṣe pé kò sí àmì ẹ̀yẹ. Ẹgbẹ́ Scout ní Bronze Wolf, àmì ẹ̀yẹ àgbáyé tí wọ́n ti ń fúnni láti ọdún 1935. Nàìjíríà náà ní òfin oyè orílẹ̀-èdè láti ọdún 1964, láti orí MON títí dé GCFR. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń tó wọn. Bronze Wolf wà fún àwọn tó ṣiṣẹ́ takuntakun fún ẹgbẹ́ náà ní ìpele àgbáyé. Nínú oyè orílẹ̀-èdè, orúkọ àwọn olóṣèlú, adájọ́, ọ̀gá ológun àti oníṣòwò ńlá ló sábà máa ń pọ̀ jù. Obìnrin tó ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Ìlọrin tàbí Oǹdó fún ọdún 30 kò mọ ẹni tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ fúnra wọn kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá ṣe ìkówójọ, ẹ wo ẹni tó máa ń jókòó sórí àga ọlá: alága ọjọ́, bàbá ìsàlẹ̀, ìyá ìsàlẹ̀ àti olówó tó mú sọ̀wédowó wá. Wọ́n á fi àmì ẹ̀yẹ lé e lọ́wọ́, wọ́n á pè é ní òpómúléró ẹgbẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ àwọn ọmọ tó yan níwájú àlejò wà lẹ́yìn, ó ń to àga, ó ń wá ẹni tó máa bá a gbé ẹ̀rọ amúnáwá padà.

Kò sí ohun tó burú nínú dídúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún ẹgbẹ́ lówó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń wò. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń mú lọ sílé lọ́jọ́ yẹn ni pé owó ni wọ́n ń yìn, kì í ṣe iṣẹ́. Ẹgbẹ́ tó ní òun ń kọ́ ọmọ ní ìwà kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ wọn ní ìyẹn.

'Ṣé kì í ṣe òun ló yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni?'

Àwọn kan máa ń sọ pé iṣẹ́ tí èèyàn bá fi tinútinú ṣe kò gbọdọ̀ máa wo ẹ̀yìn fún ìyìn, pé Ọlọ́run ló máa san án. Wọ́n á ní bí àmì ẹ̀yẹ bá ti wọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn tó ń wá òkìkí ló máa kún inú ẹgbẹ́. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá yìí gan-an máa ń kọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ayẹyẹ fún wọn. Ẹni tó bá sì wá nítorí àmì ẹ̀yẹ, bó bá ti gbà á tán ló máa lọ.

Àmọ́ èrò yìí da nǹkan méjì pọ̀. Owó iṣẹ́ yàtọ̀ sí ọpẹ́. Èèyàn lè sọ pé òun kò gba owó iṣẹ́. Ọpẹ́ jẹ́ gbèsè tó wà lọ́rùn ẹni tó jẹ oore. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọn kò ní kí olóore máa bèèrè. Ẹni tó gba oore ni òwe náà dojú kọ. Pé Ọlọ́run yóò san án kò sì mú ti ọwọ́ èèyàn kúrò níbẹ̀.

Òwe kejì tó bá a mu ni yinni yinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn. Òwe yìí kò ka ìyìn sí ohun ọ̀ṣọ́. Ó kà á sí ohun tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ rere tẹ̀síwájú. Ẹni tí kò gbọ́ "ẹ ṣeun" fún ọdún mẹ́wàá lè má bínú, ṣùgbọ́n ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀ bí òun bá wà tàbí òun kò sí. Àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó gba ipò rẹ̀ ń wò ó náà. Bí wọ́n bá rí i pé àárẹ̀ àti ìgbàgbé ni èrè rẹ̀, wọn kò ní í fẹ́ wọ bàtà rẹ̀.

Ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ túmọ̀ sí

Ìtàn kan wà nínú ẹgbẹ́ Scout tí kò ní í ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ní Gilwell Park, nítòsí London, lọ́dún 1919, Baden-Powell wá ohun tí yóò fún àwọn tó bá parí rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ onígi ló fún wọn. Ìtàn ẹgbẹ́ náà sọ pé ara ìlẹ̀kẹ̀ gígùn kan tó jẹ́ ti Dinuzulu, ọba àwọn Zulu ní gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n ti yọ àwọn àkọ́kọ́. Títí di òní, ìlẹ̀kẹ̀ méjì lórí okùn awọ ni wọ́n fi ń dá ọ̀gá tó gba Wood Badge mọ̀ káàkiri ayé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan. Bí ìlú bá fi ìlẹ̀kẹ̀ oyè sí èèyàn lọ́rùn, ẹni náà gba ojúṣe, ìlú náà sì gba ojúṣe sí i. Wọ́n á máa dá a mọ̀, wọ́n á máa fún un ní àyè, wọ́n á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ti wọ́ nìyí. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn àgbà. Ojúṣe tó yẹ kó tẹ̀lé e ni wọ́n gbàgbé.

Ọpẹ́ tó ní láárí

Àkọ́kọ́, kí ọpẹ́ náà sọ ohun tí ẹni náà ṣe gan-an. Ìwé ẹ̀rí tó sọ pé "fún iṣẹ́ takuntakun rẹ" lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ìwé tó sọ pé ẹni yìí ló kó àwọn ọmọ lọ sí àgọ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án tí kò sí èyí tó farapa, tàbí pé òun ló ń lọ sílé ọmọ tó bá ti pa ìpàdé jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ti ẹnì kan ṣoṣo ni. Kò sí iye tí kíkọ irú rẹ̀ máa ná ẹgbẹ́ ju pé kí ẹnì kan ti máa fojú sí iṣẹ́ náà.

Èkejì, kó má ṣe jẹ́ ẹni tó bá pé ọdún 30 nìkan ni wọ́n ń kí. Ọdún àkọ́kọ́ ló máa ń nira jù, nígbà tí ẹni tuntun kò tíì mọ ọ̀nà, tí àwọn ọmọ sì ń dán an wò. Ọpẹ́ kékeré ní òpin ọdún yẹn lè mú ẹni tó ti fẹ́ lọ dúró.

Ẹ̀kẹta, kí ọpẹ́ náà gbé ẹrù. Ẹgbẹ́ tó lè ra àwo àmì ẹ̀yẹ aláràbarà fún àlejò pàtàkì lè san owó ọkọ̀ ọ̀gá kan fún oṣù mélòó kan. Ó lè san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kó sì ṣètò ìbánigbófò fún gbogbo ẹni tó bá lọ sí àgọ́. Bí ọ̀gá náà bá níṣẹ́ níbòmíì, lẹ́tà ìmọrírì sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba àyè láti kó àwọn ọmọ rìnrìn àjò. Àwọn òbí tó ní mọ́tò lè máa gbé e sílé ní ìpín-ìpín. Ìyẹn kì í ṣe owó iṣẹ́. Ó kàn jẹ́ kí ẹni tó fún wọn ní àkókò rẹ̀ má ṣe fi oúnjẹ ilé rẹ̀ kún un ni.

Ẹ̀kẹrin, kí ìjọba ìbílẹ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ kó ipa tiwọn. Ọjọ́ kan ti wà nílẹ̀ fún un: láti ọdún 1985 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọjọ́ Karùn-ún oṣù Kejìlá sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn. Ní Britain, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ìjọba mú àmì ẹ̀yẹ British Empire Medal padà lọ́dún 2012 fún àwọn tó ń sin àdúgbò wọn, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi orúkọ aládùúgbò rẹ̀ ránṣẹ́. Orúkọ àwọn ọ̀gá Scout àti Guides máa ń jáde nínú rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà, Benin tàbí Ghana kò nílò ju kí wọ́n ṣí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò láti dárúkọ ẹni tí wọ́n mọ̀.

Ìyìn kò gbọdọ̀ di aṣọ ìbora

Ohun kan wà tí kò ṣeé fò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe gbogbo àgbà tó sún mọ́ ọmọdé ló sún mọ́ wọn fún rere. Lọ́dún 2020, ẹgbẹ́ Boy Scouts of America lọ sílé ẹjọ́ láti kéde pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn, nítorí àwọn ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ àti ìfọwọ́kàn tí kò tọ́. Èèyàn tó lé ní 82,000 ló jáde láti sọ pé wọ́n ṣe àwọn báṣubàṣu nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé nínú ẹgbẹ́ náà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọdún gígùn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí ìwà. Ẹgbẹ́ tó bá ń fi àmì ẹ̀yẹ fún ẹni tí kò sẹ́ni tó yẹ ìwà rẹ̀ wò lè máa ran ìkà lọ́wọ́ láti fara pamọ́, nítorí ọmọ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò máa rò pé kò sẹ́ni tó máa gba òun gbọ́ lórí ẹni tí gbogbo ìlú ń yìn. Nàìjíríà ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé láti ọdún 2003. Láti ọdún 2019 ni àjọ NAPTIP sì ti ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ìbàjẹ́ yìí. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ máa yẹ orúkọ wò kí ó tó gba àgbà kankan wọlé, kí àgbà kan ṣoṣo má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níkọ̀kọ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì mọ ẹni tó lè lọ fi ẹjọ́ sùn.

Èyí kò ta ko ìyìn. Òun ló ń fún ìyìn ní iyì. Ọ̀gá tó ń ṣe dáadáa kò ní í bẹ̀rù kí wọ́n yẹ ìwà òun wò. Ó máa dùn mọ́ ọn pé orúkọ òun kò ní í wà nínú agbọ̀n kan náà pẹ̀lú ti ẹni burúkú.

Nígbà tí wọ́n ṣì lè gbọ́ ọ

Ó rọrùn láti sọ pé ìjọba ló yẹ kó ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò nílò àbá òfin kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti wọ yunifọ́ọ̀mù rí pọ̀ káàkiri: dókítà wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, olùkọ́ àti oníṣòwò wà níbẹ̀, láti Èkó dé Accra títí kan àwọn tó ti ré kọjá òkun. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì rántí ẹni tó kọ́ wọn láti máa tètè dé, tó sì kọ́ wọn láti máa sọ òótọ́. Ẹni náà lè wà láàyè, ní àdúgbò kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí kò tíì yí padà. Ìpè kan lọ́sẹ̀ yìí sàn ju ìkéde ìdágbére olójú ewé kan lọ lọ́jọ́ iwájú.

Òbí tó sì ń rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ìpàdé ní Sátidé tó ń bọ̀ lè má kàn fọn fèrè mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà kí ọmọ sáré jáde. Ó lè sọ̀ kalẹ̀, kó wọlé, kó bèèrè orúkọ àgbà tó dúró ti ọmọ rẹ̀ láti ọ̀sán, kó sì bá a to àga padà kí wọ́n tó jọ jáde.